Omi Ìsàmì Tí Kò Kan Kẹ́yìn

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà ní àdúgbò wa ní Ọ̀wọ̀, kí Fáàdá tó mọ̀ pé ẹnì kan dẹ́ṣẹ̀, Ọlámúyìwá á ti mọ̀. Òun ni alága ìgbìmọ̀ ìjọ. Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì fi ìwà ọ́fíìsì sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ó gbé e wá sílé Ọlọ́run. Bí àwọn ènìyàn bá tò lọ síwájú pẹpẹ láti gba Kòmúníọ̀nù, ẹ̀gbẹ́ ìlà ló máa ń dúró sí, á di ọwọ́ sẹ́yìn, á máa wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá tíì ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, kó tó dé ọ̀dọ̀ Fáàdá ni ojú Ọlámúyìwá ti máa dá a padà sórí àga. Òun ló ní kí Tẹniọlá, ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ dùn jù láàárín àwọn akọrin, bọ́ aṣọ akọrin sílẹ̀, nítorí pé ọkùnrin tó ń bá gbé kò tíì mú un wá síwájú pẹpẹ. Òun náà ló mú òfin wá pé àgbàlagbà kankan kò gbọdọ̀ gba ìsàmì láìjẹ́ pé ó jókòó ní kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì títí dé Pẹ́ńtíkọ́sì.

"Ìsàmì kì í ṣe omi ẹ̀rọ," ló sọ ní ìpàdé ọjọ́ náà, "tí ẹni tó bá ti dé yóò kàn máa ṣí i."

Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, òun ló máa kọ́kọ́ dé ibẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì. Ó fẹ́ràn Ọlọ́run, àmọ́ bí akọ̀wé ṣe ń fẹ́ràn ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ ló ṣe fẹ́ràn Rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí Lẹ́ńtì kù sí dẹ̀dẹ̀, òun àti Fáàdá Akínfẹ́mi gbé Kòmúníọ̀nù lọ bá àwọn arúgbó tí kò lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Fáàdá gbé Ara Olúwa, Ọlámúyìwá gbé agogo. Ilé Màmá Jemimah ni wọ́n parí sí. Àbúrò ìyá Ọlámúyìwá ni Màmá yìí, òun sì ni ìyá ìsàmì Ọlámúyìwá àti ìkejì rẹ̀, nítorí ìbejì ni Ọlámúyìwá. Òun ni Kẹ́yìndé. Babátọ́pẹ́, Táyé rẹ̀, ń dáko kòkó ní Ìmọ̀rù.

Màmá gba Olúwa tán, ó dúpẹ́, ara rẹ̀ yá. Ó wo Ọlámúyìwá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nítorí pé Fáàdá kì í ṣe ọmọ Ọ̀wọ̀, ó fi Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́ sọ̀rọ̀.

"Fáàdá, ẹ wo ọmọ tó ń gbé agogo ká yìí. Òun ló gbádùn jù lọ́jọ́ tí a ṣàmì fún wọn. Oorun ló ń sùn! Omi ò tiẹ̀ kàn án."

Fáàdá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Omi ò kàn án báwo, Màmá?"

"Táyé ni Fáàdá òyìnbó ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá wọn ò tíì lágbára, èmi ni mo gbé àwọn méjèèjì dání. Wọ́n ṣe ti Táyé, wọ́n ní Pétérù lorúkọ rẹ̀. Ló bá figbe ta. Mo wá gbé e sókè kí n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, òyìnbó rò pé Kẹ́yìn ni mo gbé wá. Ó tún gbá a mú. Ó da omi sí i, ó ní Pọ́ọ̀lù. Orí kan náà! Orí tó ṣì ń kán omi tó, tó, tó!"

Agogo dún lọ́wọ́ Ọlámúyìwá. Àwọn ará ilé tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rò pé Olúwa tún ń kọjá lọ, gbogbo wọn kúnlẹ̀.

"Màmá," ni Ọlámúyìwá wí, "báwo lẹ ṣe mọ̀ pé Táyé ni?"

"Ta ló ní àmì dúdú lẹ́yìn etí nínú yín?"

Ọlámúyìwá fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí ara rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún òyìnbó náà nígbà yẹn?"

"Látìn ló ń sọ," ni Màmá dáhùn. "Ibo ni mo fẹ́ gbà wọ inú Látìn?"

"Láti ìgbà yẹn wá ńkọ́?"

"Ta ló bi mí? Ìbejì ni yín. Mo ní ohun tó bá kan ọ̀kan ti kan èkejì. Ṣebí tí Táyé bá mu ọmú yó, ìwọ náà á dákẹ́ ẹkún."

Nígbà tí wọ́n jáde, Ọlámúyìwá ní ọjọ́ ogbó ló ń dà Màmá láàmú. Fáàdá ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Fáàdá Akínfẹ́mi jẹ́ ọ̀dọ́ tí kì í fi nǹkan Ọlọ́run ṣeré. Lójú títì níbẹ̀ ló ti pe àgbà àlùfáà kan lórí fóònù, ẹni tó kọ́ òfin ìjọ dójú àmì. Àgbà àlùfáà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Lẹ́yìn náà ó ní níwọ̀n ìgbà tí iyèméjì ti wọ̀ ọ́, kí wọ́n ṣàmì fún ọkùnrin náà pẹ̀lú "bí": bí a kò bá tíì ṣàmì fún ọ, mo ṣàmì fún ọ. Títí ìgbà náà, kó má tíì gba Kòmúníọ̀nù.

"Ṣé ó ti gbéyàwó?" ni ó bi í.

"Ó ti gbéyàwó."

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, ṣé òun gba ìsàmì?"

"Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa."

Àgbà àlùfáà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Yéè," ló wí.

Monica, ìyàwó Ọlámúyìwá, ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Olùkọ́ àgbà ni kó tó fẹ̀yìn tì, kì í fẹ́ kí ènìyàn máa yí ọ̀rọ̀ po. Fáàdá yí i po díẹ̀, Monica dá a dúró.

"Fáàdá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi là á. Ṣé mo lọ́kọ àbí n ò lọ́kọ?"

"Ẹ lọ́kọ, Mà. Òfin ní kí a gbà pé ìgbéyàwó yín dúró títí a ó fi rí i dájú pé kò dúró. Ṣùgbọ́n kí ọkàn lè balẹ̀, lẹ́yìn ìsàmì, ẹ ó tún ẹ̀jẹ́ jẹ́."

"Ìyẹn ni pé mo lọ́kọ bí a ṣe níná mànàmáná."

Ọlámúyìwá sún mọ́ wọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Fáàdá, ọ̀la ńkọ́? Inú yàrá tí ẹ ti ń múra fún Mísà, láàárọ̀ kùtù. Ìwọ̀nba èmi àti ẹ̀yin. Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni."

Kí Fáàdá tó la ẹnu, Monica ti gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Láàárọ̀ kùtù kẹ̀? Kíláàsì ńkọ́? Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ìsàmì kì í ṣe omi ẹ̀rọ? Obìnrin tó wá láti Òkèlúsè lọ́dún tó kọjá, tó ń sunkún pé kí wọ́n ṣe é fún òun nítorí pé òun fẹ́ rìnrìn àjò, kí lẹ sọ fún un? Ẹ ní kó lọ jókòó. Ẹ̀yin náà ẹ lọ jókòó."

"Ìyá Ìbílọlá—"

"Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá," ni Monica wí, Fáàdá sì wo ilẹ̀, "yàrá àlejò wà lẹ́yìn ilé. Ó mọ́ tónítóní. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọge pé kí wọ́n má bá ẹni tí kì í ṣe ọkọ wọn gbé, n ò ní fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọlámúyìwá ṣe kó lọ sí yàrá àlejò nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Monica kò fi oúnjẹ dù ú. Á gbé e dé ẹnu ọ̀nà, á kan ilẹ̀kùn, á pa dà. Ṣùgbọ́n àdúrà rósárì tí wọ́n máa ń gbà pọ̀ lálaalẹ́ kò ṣeé dá dúró. Monica á kúnlẹ̀ nínú pálọ̀, Ọlámúyìwá á dúró sí ìta lójú fèrèsé, á máa dáhùn láàárín àwọn ẹ̀fọn. Àwọn aládùúgbò tó ń kọjá rò pé ẹ̀jẹ́ ni ó ń san.

Nígbà tó dà bí ẹni pé kò sí ọ̀nà míì, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó gba Ẹlẹ́gbẹ̀ka kọjá lọ sí Ìmọ̀rù láti bá ìkejì rẹ̀. Babátọ́pẹ́ ń yí kòkó tó sá sójú oòrùn. Ojú kan náà ni wọ́n ní, irun ewú kan náà, àfi pé oòrùn ti pa ti Babátọ́pẹ́ dúdú díẹ̀, àti pé ìyàwó méjì ló ní, èyí tí kò jẹ́ kí ó lè gba Kòmúníọ̀nù láti ìgbà tó ti fẹ́ èkejì.

Babátọ́pẹ́ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyàwó méjì, ìsàmì méjì!" ló wí. "Ó ti bára mu. Nǹkan méjì méjì ni Ọlọ́run fún mi."

"Mi ò wá ṣeré o, Táyé. Fún mi ní ọ̀kan."

"Ọ̀kan kí ni?"

"Nínú ìsàmì náà. Èyí àkọ́kọ́ ló tọ́ sí ọ. Èkejì, tèmi ni. Orúkọ mi ni wọ́n pè sí i. Pọ́ọ̀lù."

"N kò bá ọ jà sí i. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́? Ṣé bí aṣọ ló rí ni?"

Wọ́n ronú sí i, àgbàlagbà méjì nínú oòrùn. Ní ìkẹyìn Babátọ́pẹ́ dìde, ó gbọn eruku kòkó kúrò lára. "Wá," ló wí. "Orí ló wà. Fi orí rẹ kan tèmi, bóyá á sún díẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ."

Ọlámúyìwá, alága ìgbìmọ̀ ìjọ, wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fi iwájú orí rẹ̀ kan ti ìkejì rẹ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n dijú. Àwọn ìyàwó Babátọ́pẹ́ yọjú láti ilé ìdáná, ìyáálé sì bi ìyàwó kékeré pé ṣé ìjà ni àbí ìpàdé.

"Ṣé o gbọ́ nǹkan kan?" ni Babátọ́pẹ́ béèrè.

"Òórùn kòkó nìkan ni mo gbọ́."

Wọ́n fi ara wọn sílẹ̀. Ìyáálé gbé omi mímu wá fún wọn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ni Ọlámúyìwá béèrè ohun tó gbé e wá gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun alára kò tíì mọ̀ pé ohun tó gbé òun wá nìyẹn.

"Táyé, báwo lo ṣe ń ṣe é? Láti ìgbà yìí, kí Kòmúníọ̀nù máa kọjá lójú rẹ, kí o má rí i gbà?"

Babátọ́pẹ́ fi ẹsẹ̀ tún kòkó díẹ̀ ṣe. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ní gbogbo ìgbà tí Fáàdá bá wá síbí wá ṣe Mísà, mo máa ń lọ. Àga tó kẹ́yìn ni tèmi. Bí wọ́n bá gbé Ara Olúwa sókè, mo máa ń wò ó gan-an. Ojú ni mo fi ń jẹ ẹ́. Mo máa ń sọ pé, Olúwa, ẹ kú ìrìn. Ilé tèmi ò tíì ṣeé wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kí yín láti ìta."

"Mi ò mọ̀ pé o máa ń lọ."

"Báwo lo ṣe máa mọ̀? O sọ fún mi pé ẹni tó bá fẹ́ obìnrin méjì kò ní ìpín níbẹ̀. Ìgbà tí o sọ bẹ́ẹ̀ tán, o wọ ọkọ̀, o lọ."

Ọlámúyìwá wakọ̀ padà sí Ọ̀wọ̀ láìgbọ́ rédíò.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí kò lè gba Kòmúníọ̀nù, ó jókòó sí àárín ìjọ bí gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlà. Ìlà náà wọ́, ó tẹ̀, àwọn ọmọdé ń ti ara wọn, bàbá kan gbàgbé bàtà rẹ̀ kan sílẹ̀. Ọlámúyìwá ń wo ọwọ́ Fáàdá bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀: "Ara Krístì." "Àmín." "Ara Krístì." "Àmín." Láti kékeré ló ti ń gbà á, ó ti ń gbà á bí ẹni ń gba owó oṣù, kò sì rántí ìgbà kan tó dà bí ẹ̀bùn lójú rẹ̀. Wàyí o, ebi rẹ̀ ń pa á. Kì í ṣe ebi inú. Ó dà bí ìgbà tí gbogbo ará ilé bá ń jẹun nínú yàrá, tí ìwọ wà níta, tí o ń gbọ́ ìró àwo.

Ẹnì kan sún mọ́ ọn lórí àga. Tẹniọlá ni. Òun náà kì í lọ síwájú.

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń dunni jù."

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ tó fi kárí ìlú. Ohun tó wá dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ni pé kátíkíìsì wa, Ṣèyíọlá, tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìjọ, ṣàlàyé fún ẹnì kan lọ́jà pé bí àgbàlagbà bá gba ìsàmì, gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó ti dá láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ló parẹ́ pátápátá, láìjẹ́wọ́, láìṣe ìrònúpìwàdà kankan tí Fáàdá bá yàn. Àwọn ènìyàn rò ó wò. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnu ọ̀nà ilé Fáàdá kún.

"Fáàdá, mo rò pé èmi náà sùn lọ́jọ́ ìsàmì tèmi."

"Fáàdá, ọdún tí wọ́n ṣe tèmi, omi wọ́n ní ìlú."

Bàbá arúgbó kan, tó jẹ́ ìbejì, ṣùgbọ́n tí ìkejì rẹ̀ ti kú láti ọmọ ọwọ́, ní ó dá òun lójú pé ìkejì òun ló gbé ìsàmì àwọn méjèèjì lọ sọ́run. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ dúró de Fáàdá. Wọ́n kọrí sí ilé Màmá Jemimah, wọ́n gbé iṣu dání, wọ́n ní kó bá àwọn rántí. Màmá sì ń rántí. Bí iṣu bá tóbi, á ní, "Ìwọ, ọma mi, etí nìkan ni omi kàn." Ó di dandan kí Fáàdá kéde níwájú pẹpẹ pé ìrántí Màmá Jemimah kì í ṣe ẹ̀rí níwájú ìjọ, àfi lórí ọ̀rọ̀ Ọlámúyìwá nìkan, àti pé kí ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ òun parẹ́ wá jẹ́wọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta bó ṣe máa ń rí. Ìlà ìjẹ́wọ́ ọ̀sẹ̀ náà gùn dé ojú títì. Fáàdá ní láti ìgbà tí òun ti di àlùfáà, òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Ọlámúyìwá ń lọ sí kíláàsì. Yàrá tí àwọn ọmọ kéékèèké ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń lò, àga ibẹ̀ kò sì ga. Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ṣèyíọlá tó ń kọ́ wọn kò ju àbíkẹ́yìn Ọlámúyìwá lọ, ìgbìmọ̀ Ọlámúyìwá kan náà ló sì ti kọ́kọ́ sọ pé ó kéré jù fún iṣẹ́ kátíkíìsì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn pé kí ni Kòmúníọ̀nù.

Ọlámúyìwá dìde, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ka àwọn tí kò gbọdọ̀ gbà á, ó ka ìgbà tí wọn kò gbọdọ̀ gbà á, àti aṣọ tí wọn kò gbọdọ̀ wọ̀ wá. Ṣèyíọlá fi sùúrù gbọ́ ọ tán.

"Ẹ ṣeun, Sà. Ṣùgbọ́n ohun tí Kòmúníọ̀nù jẹ́ ni mo bi yín, n kò bi yín nípa àwọn tí kò gbọdọ̀ gbà á."

Ọlámúyìwá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó jókòó. Ó ní òun á ronú sí i. Ẹni tó bá a jókòó sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà lọ, kò dìde mọ́ kí wọ́n tó pè é.

Nígbà tí Pẹ́ńtíkọ́sì ń sún mọ́lé, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jímọ̀, aránṣọ tó wà láàárín ìlú, kó bá òun rán aṣọ funfun. Mùsùlùmí ni Jímọ̀, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Jímọ̀ wí, bó ṣe ń wọn èjìká rẹ̀, "ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni ẹ̀yin ń lo omi yìí, ẹ tún wá ń jà sí i. Tí wọ́n bá yọ yín lẹ́nu jù, ẹ máa bọ̀ nílé wa. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni à ń lò ó."

Ọlámúyìwá rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. "Jímọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà yìí gan-an ni mo fẹ́."

"Ọlọ́run á gbà á," ni Jímọ̀ dáhùn, kò sì fi ṣeré.

Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún débi pé àwọn kan wà lójú fèrèsé. Babátọ́pẹ́ wá láti Ìmọ̀rù, òun àti àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì. Ẹnì kan ti sọ fún un pé funfun ni gbogbo ẹbí yóò wọ̀, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ló bá wọ funfun láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Nígbà tí Fáàdá rí ìbejì méjì nínú aṣọ funfun kan náà, òógùn bò ó. Ó ní kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọwọ́ Babátọ́pẹ́, kí ó sì jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Ó jókòó sẹ́yìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pe àwọn tó máa gba ìsàmì, ẹkún gbé Ọlámúyìwá. Kò fẹ́ kí ènìyàn rí òun, ló bá gba ẹ̀gbẹ́ jáde láti lọ nu ojú. Babátọ́pẹ́ rí àyè tó ṣófo lẹ́bàá omi. Ó rò pé bí ìkejì òun kò bá sí níbẹ̀, wọn á fò ó. Ó sáré wá dúró síbẹ̀ kó lè bá a di àyè mú. Ooru ti mú un níbi tó jókòó sí, ó ti tú aṣọ pupa náà, ó fi nu òógùn. Fáàdá Akínfẹ́mi, tí ẹ̀rù ti bà jù, rí orí ewú níwájú rẹ̀. Ó bu omi.

"Dúró!"

Màmá Jemimah ni. Wọ́n gbé e wá lórí àga oníkẹ̀kẹ́, wọ́n gbé e síwájú. Ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Dúró, Fáàdá! Táyé nìyẹn! Ẹ fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta!"

"Táyé ni!" ni gbogbo ìjọ figbe ta. "Kì í ṣe òun! Ẹ má dà á!"

Ọwọ́ Fáàdá dúró lókè, omi ń kán sílẹ̀ láàárín ìka rẹ̀. Babátọ́pẹ́ ká ọwọ́ bo orí. "Fáàdá, ẹ̀mí mi ò lè gbé mẹ́ta o," ló wí. Àwọn akọrin tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ orin ń rẹ́rìn-ín, wọn kò lè bẹ̀rẹ̀.

Ọlámúyìwá wọlé lórí ariwo yìí, ojú rẹ̀ pọ́n. Babátọ́pẹ́ di í lọ́wọ́ mú, ó fà á wá síbi omi, ó sì kúrò lójú ọ̀nà. Fáàdá wo ẹ̀yìn etí Ọlámúyìwá dáadáa. Ó béèrè orúkọ tó fẹ́ jẹ́.

"Wọ́n ń pè mí ní Pọ́ọ̀lù," ni Ọlámúyìwá wí, "ṣùgbọ́n ìkejì mi ló ni ín. Ẹ pè mí ní Tọ́mọ́ọ̀sì. Ṣèyíọlá ló kọ́ wa pé ìbejì ni Tọ́mọ́ọ̀sì inú Bíbélì náà."

Ó tẹ orí ba. Àwọn tó wà lójú fèrèsé na ọrùn wọlé.

"Tọ́mọ́ọ̀sì, bí a kò bá tíì ṣàmì fún ọ, mo ṣàmì fún ọ ní orúkọ Baba," Fáàdá da omi, "àti ti Ọmọ," ó tún dà á, "àti ti Ẹ̀mí Mímọ́."

"Ẹ má ṣahun, Fáàdá," ni Ọlámúyìwá wí láti ìsàlẹ̀. Fáàdá da èyí tó kù nínú abọ́ lé e lórí. Omi wọ inú ọrùn aṣọ, ó dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó dé inú bàtà. Ó dìde, ó tutù bí ẹni tí wọ́n yọ nínú odò, ojú rẹ̀ ń tàn.

Ó wá ku ẹ̀jẹ́. Monica jáde wá nínú aṣọ àlàárì rẹ̀. Fáàdá bi Ọlámúyìwá bóyá ó gba Monica ní aya. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n tó béèrè tán. Fáàdá bi Monica.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó díẹ̀," ni Monica wí, ó sì pa dà lọ jókòó.

Fáàdá wo àwọn akọrin, àwọn akọrin wo Fáàdá. Wọ́n kọ orin kan tán. Wọ́n kọ òmíràn. Ọlámúyìwá dúró níwájú pẹpẹ, omi ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí orin kẹta fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni Monica dìde.

"Mo ní ìbéèrè kan. Bí mo bá ní kí ẹ pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, ṣé ẹ ó pa á?"

"Màá pa á."

"Láìsọ pé ẹ fẹ́ gbọ́ ìròyìn tán?"

Ọlámúyìwá wo Fáàdá. Obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹ dáhùn!"

"Màá pa á láìsọ nǹkan kan."

"Mo gbà á lọ́kọ," ni Monica wí, ariwo ayọ̀ sì gba ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pàtẹ́wọ́ ni ó ti fi gèlè rẹ̀ nu ojú fún un. "Bàbá Ìbílọlá," ló wí, "òtútù á mú yín."

Nígbà tó tó àkókò Kòmúníọ̀nù, Ọlámúyìwá tò sí ìlà bí gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn ọmọdé kan tó ń yí ojú wo aṣọ rẹ̀ tó tutù. Ó dé ọ̀dọ̀ Fáàdá. "Ara Krístì." Ó ṣe é bí ẹni pé kò mọ ohun tó kàn. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Àmín." Ó gbà á tán, kò mọ ọ̀nà padà sí àyè rẹ̀ mọ́. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó dí ìlà, wọ́n ní láti yà fún un. Ó rìn títí dé ẹ̀yìn pátápátá. Babátọ́pẹ́ wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára pẹpẹ, kò tilẹ̀ rí i tó ń bọ̀. Ọlámúyìwá jókòó tì í. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí Mísà fi parí, aṣọ ọ̀kan ń rin èkejì.

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe alága. Wọ́n kọ̀. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlà mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ, kó wà láàárín onítọ̀hún àti Fáàdá. Wọ́n gbà. Ní ti òfin kíláàsì, ó ní òun rò pé kí wọ́n dín in kù, nítorí àga yẹn ò dára fún orúnkún. Ṣèyíọlá ní rárá o, òfin náà dára púpọ̀, ohun tó yẹ ni kí wọ́n ra àga. Wọ́n ra àga.

Títí di ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ Babátọ́pẹ́ kò tíì yanjú. Fáàdá ti lọ sí Ìmọ̀rù lọ bá òun àti àwọn ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìkánjú ṣe, nítorí ọkàn ènìyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀ àti ti àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mísà bá wà ní Ìmọ̀rù, Ọlámúyìwá àti Monica máa ń wakọ̀ lọ síbẹ̀. Ìyàwó kékeré ni ó máa ń tètè dé, tí á fi ìwé orin di àyè mú fún wọn lórí àga tó kẹ́yìn.